Yàrá Tí Ìyá Àgbà Yàn

Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́,
Oṣù kẹrin, 1988.

Ismaheel Àkànní, ọmọ mi,

Salamọ́ aleikun. Mo kí ọ, mo kí Asiyah ìyàwó rẹ, mo kí àwọn ọmọ. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí Èkó gbé ọ mì, iṣẹ́ ilé yíyà tí o kọ́ kò ní di iṣẹ́ lásán mọ́ ọ lọ́wọ́. Bí o bá béèrè wa, ara wa le, àfi ooru nìkan ni kò jẹ́ kí a sùn, òun náà ni mo sì fẹ́ bá ọ sọ.

Ilé tí o yà sínú ìwé pé kí a kọ́ fún ìyá mi ti parí. O mọ̀ pé ògiri ilé àtijọ́ ti là, ẹ̀rù sì ń bà wá pé bí òjò bá bá Ìyá Àgbà níbẹ̀, yóò wó lù ú, ìdí nìyẹn tí a fi ń kánjú. Ṣùgbọ́n nígbà tí Mashood bíríkìlà tẹ́ ìwé rẹ sílẹ̀, Ààfáà wa yọjú sí i, ó ní àga ìyàgbẹ́ tí o yà kọjú sí Kíbúlà gan-an, ó ní ṣé ibi tí a ń kọjú sí kírun náà ni ìyá arúgbó yóò máa kọjú sí ṣe ìgbọ̀nsẹ̀? Ojú tì mí. Mashood ní kí a kàn yí àga náà, mo ní rárá o, ìwé tí ìjọba ti lu òǹtẹ̀ mọ́, ta ni yóò fọwọ́ kan ohun tó wà nínú rẹ̀? Ṣùgbọ́n òǹtẹ̀ náà kò sọ pé a kò gbọdọ̀ yí ìwé fúnra rẹ̀. A yí odindi ìwé sí ẹ̀gbẹ́, a kọ́ ilé bẹ́ẹ̀, kò sì sí ìlà kan tí a fò.

Ohun tó wá ṣẹlẹ̀ ni pé ẹnu ọ̀nà iwájú kọjú sí ògiri Bàbá Ràmọ́tà, aládùúgbò wa, àlejò tó bá sanra díẹ̀ kò lè dé ibẹ̀. Àkàsọ̀ ẹnu ọ̀nà náà dára lójú, ó ga bíi ti kóòtù, ṣùgbọ́n orúnkún Ìyá Àgbà kò gbà á, ńṣe ni a gbé e gòkè. Àwọn fèrèsé gíláàsì tí o ní kí wọ́n tì pa, wọn kò ṣeé ṣí lóòótọ́. O ní kí a dá ihò sí ara ògiri fún ẹ̀rọ tí yóò máa fẹ́ òtútù wọlé. Ihò náà wà níbẹ̀, òtútù ni kò tíì dé. Adìyẹ ló ń yé sí i báyìí. Ìyá Àgbà sùn nínú yàrá náà lẹ́ẹ̀kan, ó làágùn títí ẹní rẹ̀ fi tutù. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ní òun ń padà sínú ilé alámọ̀ òun, kí ó kúkú wó lu òun níbi tó tutù. Mo sunkún, Ismaheel, nítorí òjò ti ń ṣú.

Bí a ṣe ń gbé e sọ̀kalẹ̀, ó ní kí a jẹ́ kí òun sinmi díẹ̀ nínú yàrá ẹ̀gbẹ́ ilé tí o yà fún mọ́tò. Nítorí pé a yí ìwé, títì ló kọjú sí báyìí. Kò ní àkàsọ̀ kankan, ilẹ̀kùn rẹ̀ gbòòrò, afẹ́fẹ́ ń wọlé ó ń jáde, ẹni tó bá ń kọjá ń kí i, òun náà ń béèrè ọmọ wọn. Kò dìde mọ́. Ó ní kí a kó ẹní òun wá. Lọ́jọ́ kejì òjò wó ilé àtijọ́ lulẹ̀, Ìyá Àgbà jókòó síbẹ̀, ó ń wò ó. Ó ní kí n kọ̀wé sí ọ pé o ṣeun, pé nínú gbogbo ilé náà, yàrá tòun nìkan ni o fara balẹ̀ yà.

A gbọ́ pé o fẹ́ ra mọ́tò. Jọ̀wọ́ má rà á, kò sí ibi tí yóò sùn. Fi owó rẹ̀ ránṣẹ́ kí a fi kọ́ ilé mọ́tò kejì fún èmi náà, nítorí orúnkún mi ti ń dùn mí.

Kí Ọlọ́run ṣọ́ ọ, kí ó dá ẹ̀mí rẹ sí, kí ìwọ náà dàgbà débi tí ọmọ rẹ yóò ti ya ilé fún ọ.

Èmi ni bàbá rẹ,
Kareem Ọládépò.