Máàkì Tó Gbé Mi Dé Ọ̀dọ̀ Ìyá Rẹ

Ọmọ mi Akọ̀wé,

Ṣé o jí dáadáa, ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé ọ̀gá yín ṣì ń pariwo? Ọlọ́run yóò máa ṣọ́ àlọ rẹ, yóò máa ṣọ́ àbọ̀ rẹ, o ò ní ṣe kòńgẹ́ ibi. Tó bá jẹ́ tèmi lo fẹ́ gbọ́, ara mi le koko bíi pákó ìrókò.

Má bínú pé fọ́tò lẹ́tà lo rí, kì í ṣe lẹ́tà fúnra rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní bébà kankan kì í jáde níbi tí mo wà yìí, pé wọ́n máa ń sun ún ni, nítorí náà èmi yóò gbé e sókè, òun yóò sì fi fóònù yà á láti ẹ̀yìn ọgbà. Mo ti wẹ̀, mo sì ti ya irun mi sílẹ̀ dè é, bóyá yóò ṣèèṣì yà mí mọ́ ọn.

O ti gbọ́ pé ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ tó jẹ́ ọdẹ ti kú. Ẹran tó bá ní òkú nínú igbó ló gbé wálé tó kùn. Àwọn dókítà ní Ẹbólà ló pa á, pé ẹ̀jẹ̀, èébì àti òógùn ẹni tó ń ṣàìsàn ló fi ń ran ẹlòmíì, àti pé òkú gan-an ṣì ń kó o ran èèyàn. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó sọ bẹ́ẹ̀, ìyá rẹ ti tọ́jú rẹ̀, ó ti wẹ òkú rẹ̀, Onígbàjámọ̀ aládùúgbò wa ti fá orí rẹ̀, èmi náà ti kan pósí, mo sì ti bá wọn gbé e sínú rẹ̀.

Bí àwọn elétò ìlera ṣe dé nìyẹn. Wọ́n ní kí àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta má jáde nílé, kí a má bọ ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, kí a máa fi omi oògùn tó ń rùn fíín-fíín fọwọ́. Ní àràárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, ọmọbìnrin kan máa ń wá, á kí wa láti òkèèrè, á béèrè oorun wa, á béèrè inú wa, á ní ṣé mo ti yàgbẹ́. Ìwọ tí mo bí, o ò béèrè ìgbẹ́ mi rí. Lẹ́yìn náà á na nǹkan kan bí ìbọn sí iwájú orí wa, á sì ka nọ́ńbà jáde. Mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé máàkì ni. Èmi gba mẹ́rìndínlógójì, mo sì gbọ́ láti ẹ̀yìn odi pé Onígbàjámọ̀ gba mẹ́tàdínlógójì. Inú bí mi. Kí ló wà ní orí Onígbàjámọ̀ tí kò sí ní orí mi?

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ìyá rẹ ní orí ń fọ́ òun. Ọmọbìnrin náà na ìbọn sí i, ó ní nọ́ńbà Màmá ti ga, wọn yóò gbà á wọlé. Àwọn kan sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò, aṣọ funfun bò wọ́n látorí dẹ́sẹ̀, wọ́n fi dígí bojú, wọ́n gbé e lọ sí àgọ́ ìtọ́jú. Bẹ́ẹ̀dì wa àti fóòmù orí rẹ̀, àwọn ìró ìyá rẹ, títí kan ìrọ̀rí, wọ́n dáná sun gbogbo rẹ̀. Ilé wá dákẹ́ lọ. Kò sẹ́ni tó ń sọ pé mo tún ti gbé eruku pákó wọlé. Èmi fúnra mi ni mò ń gbá eruku náà, tí mò ń sunkún, nítorí ẹ̀rù ń bà mí pé mi ò ní rí i mọ́.

Mo bẹ ọmọbìnrin náà kí ó mú mi lọ wò ó. Ó ní ẹni tí wọ́n bá gbà wọlé nìkan ló ń débẹ̀. Ọ̀rọ̀ wá yé mi kedere. Ìyá rẹ ní máàkì tó ga, wọ́n gbà á, àwa tí máàkì wa kò tó, wọ́n ní ká jókòó sílé. Ṣebí bí wọ́n ṣe gba ìwọ náà sí ilé ìwé gíga nìyẹn.

Mo bá lọ sí ẹ̀yìnkùlé, mo fi iwájú orí ti páànù tí oòrùn ti ń yan láti àárọ̀. Ó gbóná débi pé mo ń rí ìràwọ̀ ọ̀sán gangan. Bí mo ṣe gbọ́ ohùn ọmọbìnrin náà, mo sáré jáde, mo na orí sí i. Ó wo nọ́ńbà, ó fò sẹ́yìn. Ó ní ṣé orí ń fọ́ mi, mo ní ó ń fọ́ mi gan-an, irọ́ kọ́, páànù ò ṣe é fara tì. Ó ní kí n má mikàn. Èmi tí mo ti pásì, kí ni mo fẹ́ mikàn sí? Mo juwọ́ sí Onígbàjámọ̀ bí mọ́tò ṣe ń gbé mi lọ.

Àṣé wọn kò ní fi mí sọ́dọ̀ ìyá rẹ. Àgọ́ àwọn tí wọ́n ṣì ń fura sí ni wọ́n fi mí sí, tàwọn tó dájú pé wọ́n ní i wà lódìkejì ọgbà oníke. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ mi. Dókítà béèrè bí ibà náà ṣe bẹ̀rẹ̀, mo sì fi tayọ̀tayọ̀ ròyìn páànù fún un. Dígí kò jẹ́ kí n rí ojú rẹ̀, ṣùgbọ́n èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Lẹ́yìn náà ó bá mi wí gidi. Ó ní bí ara ṣe gbóná tó ni nọ́ńbà yẹn ń sọ, pé tó bá ti ga, ewu ti dé nìyẹn, àti pé èmi tí ara mi dá ti fi ẹsẹ̀ ara mi rìn wá síbi tí àìsàn wà. Ó ní torí pé wọ́n tètè gbé ìyá rẹ wá ni àwọn ṣe rọ́nà tọ́jú rẹ̀.

Mo lọ jókòó sí ìdí ọgbà, mo ń pe ìyá rẹ. Nígbà tó yá, obìnrin kan tó ti rù kan eegun rọra jáde, ó jókòó sórí àga lódìkejì. Mi ò dá a mọ̀ àfi ìgbà tó la ẹnu. Àṣé nọ́ọ̀sì ti ròyìn páànù fún un. Ó ní ta ló ránṣẹ́ pè mí. Ó ní òun ń bá ikú jìjàkadì nítorí tèmi, èmi ń fi orí ti páànù wá ikú bọ̀, ó ní ṣé eruku pákó ti wọ inú ọpọlọ mi ni. Ó bú mi, ó bú páànù, ó bú Onígbàjámọ̀ tí kò ṣe nǹkan kan. Àwọn nọ́ọ̀sì sáré dé, wọ́n rò pé ìjà ni, ni ọ̀kan bá bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́, ó ní láti ọjọ́ tí Màmá ti dé, ohùn rẹ̀ kò tíì jáde tó báyìí. Ọmọ mi, mo sunkún, mo rẹ́rìn-ín, mo sì bẹ̀ ẹ́ kí ó tún mi bú.

Ẹ̀jẹ̀ mi mọ́, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kejì, ó ṣì mọ́. Ọ̀la ni mò ń lọ sílé kí wọ́n lè máa ṣọ́ mi níbẹ̀. Ìyá rẹ yóò tẹ̀lé mi bí tirẹ̀ náà bá ti mọ́. Má tíì wálé o, dókítà ní kí o ní sùúrù. Èmi yóò kan bẹ́ẹ̀dì tuntun dè é, pákó wà nílẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò lè fi pákó ṣe fóòmù. Jọ̀ọ́, fi owó fóòmù àti ti ìró ránṣẹ́ gba inú fóònù. Má rán an lódindi o, wẹ́wẹ́ ni kí o rán an, fóònù mi kéré.

Wàá gba máàkì gíga níbi gbogbo àfi ní iwájú orí. Ara rẹ yóò máa tutù. Ọlọ́run á sì jẹ́ kí èébú ìyá rẹ kún inú ilé wa títí a ó fi darúgbó kùjọ́kùjọ́.

Èmi ni bàbá rẹ,
Káfíńtà

Mo gbàgbé: mẹ́rìndínlógójì ni mo gbà láàárọ̀ yìí. Ìyá rẹ náà gba mẹ́rìndínlógójì. Bá wa dúpẹ́.