Gbénró, Sájẹ́ǹtì Ti Fẹnu Ara Rẹ̀ Sọ Ọ́

Gbénró, ọmọ ìyá wa, ó pé ọdún márùn-ún lónìí tí o ti fi wá sílẹ̀. Ọdún márùn-ún! Ibà ọjọ́ díẹ̀ la pè é. A ní o máa dìde tó bá di ọ̀la. Ọ̀la náà la ṣì ń retí.

Ayé ti yí o. Mọ́tò tó ń gba apá òsì nígbà ayé rẹ, apá ọ̀tún ló ń gbà báyìí. Àwọn ewúrẹ́ Igbó-Ọrà pàápàá ti mọ̀, ó ku àwọn arúgbó. Ṣílè ti lọ, náírà ló dé. Wọ́n tún ní a kì í ṣe ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn mọ́, ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni wá. A ní ó dáa. Kò kúkú sẹ́ni tó bi wá.

Ilé rẹ ti lórí, Gbénró. Páànù ni Tinúkẹ́ ìyàwó rẹ fi kàn án. Tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, a ò lè gbọ́ rédíò mọ́, àfi ká máa wo ara wa lójú. Rebecca ọmọ rẹ ti di tíṣà ní Tápà. Ohùn rẹ ló gbé wọ̀: tó bá kígbe mọ́ ọmọ ilé ìwé ní Tápà, àwọn tó wà lóko Ìgàngàn á dákẹ́.

Ohun kan ṣoṣo ni ò yí títí di ọdún yìí. Orúkọ rẹ ni. Olè ni wọ́n kọ sí i, wọ́n tún kọ òpùrọ́ tẹ̀ lé e. Ọjọ́ tí a sin ọ́ ni Tinúkẹ́ ti sọ pé òun ò ní sinmi àfi tí wọ́n bá yọ méjèèjì kúrò lára ọkọ òun.

O mọ ìtàn náà jù wá lọ, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wà níbí tí wọn ò bá a. Jẹ́ ká tún un sọ.

Ìyá Búrẹ́mọ̀ kó isu sétí ọ̀nà Lánlátẹ̀, ó kó òkúta wẹ́wẹ́ tì í, ó sì bá tiẹ̀ lọ sóko. Bí wọ́n ṣe ń tajà nílẹ̀ Ìbàràpá nìyẹn kí ọlọ́pàá kankan tó débẹ̀: iye òkúta ni iye ṣílè. O fẹ́ isu, o fowó sílẹ̀, o gbé e. Ọlọ́jà ò sí níbẹ̀, Ọlọ́run wà níbẹ̀. Sájẹ́ǹtì Fọlábí, ọ̀gá rẹ, kó isu, kò fi nǹkan kan sílẹ̀. Ìyá náà lọ bá a ní àgọ́ ọlọ́pàá, ó rọra ní, "Ọ̀gá, ó jọ pé ẹ gbàgbé owó mi." Ni Sájẹ́ǹtì bá ti arúgbó mọ́lé, ó ní ó gbé ìdíwọ́ sójú ọ̀nà ìjọba!

Ó búra ní kóòtù pé isu náà ò lólúwa. Ó ní kí ìwọ, ọlọ́pàá kékeré abẹ́ òun, wá jẹ́rìí sí i. Gbogbo ohun tó kù ò ju "Bẹ́ẹ̀ ni, sà" lọ. Gbénró! Ẹnu rẹ yìí! O ní, "Isu náà lólúwa, sà. Òkúta wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ọ̀gá mi rí i, èmi náà rí i."

Wọ́n dá ìyá sílẹ̀. Kò pẹ́ sí i, Sájẹ́ǹtì ti kọ̀wé sókè pé ìwọ lo jí isu, pé o sì tún purọ́ mọ́ ọ̀gá rẹ. Wọ́n gba bẹ́líìtì, wọ́n gba fìlà, wọ́n lé ọ. O lọ gbé ọkọ́. Oko náà ni ibà ti bá ọ.

Láti ìgbà náà ni Tinúkẹ́ ti ń lọ Ìbàdàn. Ọ́fíìsì kan ní kó padà wá ní Mọ́ńdè. Ó padà lọ ní Mọ́ńdè, wọ́n ní Mọ́ńdè wo? Ọ̀gá ti lọ jẹun. Ọ̀gá ti gba ìsinmi. Wọ́n ti gbé ọ̀gá lọ síbòmíì, ọ̀gá tuntun ò sì mọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ wà. Nígbà tí wọ́n pín ìpínlẹ̀, wọ́n ní bóyá fáìlì rẹ bá àwọn ará Àkúrẹ́ lọ. Àkúrẹ́! Ìwọ tí o ò kọjá Ìbàdàn rí láyé. Ó rẹ Tinúkẹ́. Ó rẹ àwa tí a jókòó sílé pàápàá.

Lọ́dún yìí, ìjọba rán àwọn ọ̀gá ńlá kan wá sí Èrúwà, kí wọ́n wá gbọ́ ẹjọ́ àwọn ọlọ́pàá tó hùwà àbùkù. Sájẹ́ǹtì gbọ́ pé wọ́n máa pe Tinúkẹ́. Bẹ́ẹ̀, ó ku díẹ̀ kó fẹ̀yìn tì. Ló bá ṣe ohun tí gbogbo wa ń ṣe tí ọ̀rọ̀ bá ti wọ́: ó wá bẹ̀bẹ̀. Ó kó Baálé bọ̀, ó kó Lémọ́mù bọ̀, ó kó Pásítọ̀ bọ̀, wọ́n kún pálọ̀ rẹ. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ìyẹn náà gba àsìkò, nítorí ikùn ló kọ́kọ́ dé ilẹ̀, a wá ń dúró de ìyókù.

Tinúkẹ́ ní, "Kí lẹ ń bẹ̀bẹ̀ fún?"

"Ìyá Rebecca, ẹ jọ̀ọ́, iṣẹ́ èṣù ni."

"Èṣù ò sí nílé yìí. Kí lẹ ṣe?"

Baálé ní, "Fọlábí, sọ ọ́ jàre. Ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ kì í fi ẹ̀ṣẹ̀ sápò."

Sájẹ́ǹtì kọjú sílẹ̀. "Èmi ni mo kó isu. Gbénró ò jí nǹkan kan. Kò sì purọ́. Èmi ni mo purọ́ mọ́ ọn."

"Ẹ dìde, sà," ni Tinúkẹ́ wí. "Mo ti dárí jì yín."

"Àmín!" Gbogbo wọn hó yèè. Pásítọ̀ ti dìde, ó ti dijú kó máa gbàdúrà lọ.

"Pásítọ̀, ẹ jókòó ná. Ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n sọ?"

"Mo gbọ́ ọ."

"Lémọ́mù ńkọ́?"

"Wàláhì, mo gbọ́."

"Bàbá, ẹ̀yin náà ńkọ́?"

Baálé ní, "Ṣé etí mi di ni?"

"Ó dáa. Ẹ ṣeun púpọ̀. Ẹ̀yin lẹlẹ́rìí mi ní Èrúwà lọ́jọ́ Alàámísì."

Gbénró, ká ní o wà níbẹ̀! Sájẹ́ǹtì tó ti fẹ́ dìde ò mọ̀ bóyá kó máa dìde lọ ni, àbí kó tún padà sílẹ̀. Baálé ní, "Tinúkẹ́, ṣebí o ní o ti dárí jì í?"

Ó ní, "Tèmi ni mo fi jì wọ́n, Bàbá. Ti Gbénró ò sí lọ́wọ́ mi."

Àwọn kan bínú nílùú. Wọ́n ní ọlọ́kàn líle ni, wọ́n ní ta ni wọ́n ń bẹ̀ tí kì í gbà. Wọ́n ń kẹ̀yìn sí i lójú ọ̀nà odò. Ó rẹ̀ ẹ́ kọjá kó máa fèsì.

Lọ́jọ́ Alàámísì, wọ́n pe Lémọ́mù. Lémọ́mù dìde, ó tún láwàní ṣe, ó wúkọ́ díẹ̀. Kó tó la ẹnu, Sájẹ́ǹtì ti ní, "Ẹ má wulẹ̀ dààmú wọn. Èmi ni mo purọ́." Ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́. Ọ̀gá tó ń gbọ́ ẹjọ́ ní kó sọ ọ́ sókè. Ó sọ ọ́ sókè. Tinúkẹ́ ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, àwọn tó wà lẹ́yìn ò gbọ́." Ó tún un sọ.

Nígbà tí wọ́n dájọ́, wọ́n bọ́ aṣọ ìjọba lọ́rùn Sájẹ́ǹtì. Wọ́n sì kéde, gbogbo ayé ń gbọ́, pé ìwọ Gbénró ò jalè, o ò purọ́, pé lílé tí wọ́n lé ọ ò tọ́.

A rò pé Tinúkẹ́ máa jó. Kò jó. A rò pé ó máa sunkún. Kò sunkún. Ó wọ mọ́tò, ó délé, ó bọ́ bàtà, ó sùn. Ilẹ̀ mọ́, ó ń sùn. Ọ̀sán pọ́n, ó ń sùn. Rebecca fetí sí i nímú bóyá ó ń mí. Híhanrun ló gbọ́!

A ò gbàgbé rẹ, Gbénró. Àárò àwàdà rẹ ń sọ wá, àárò jíjókòó rẹ láàárín wa ń sọ wá, a fẹ́ràn rẹ bí ọjọ́ tí o wà láàyè. A mọ̀ pé ó máa wù ọ́ kí o yọ sí ìyàwó rẹ lójú àlá, kí o kí i kú iṣẹ́. Máa bọ̀. Ṣùgbọ́n rọra ṣílẹ̀kùn, àbúrò. Má jí i. Ó ti pẹ́ tí kò ti rí irú oorun yìí sùn.