Fíìmù Kòkó Tí Màámi Wà Nínú Rẹ̀

Màámi,

Ẹ kú ilé o. Ara mi le, òtútù ìlú òyìnbó níbí ò ṣe mí ní nǹkan kan. Iṣẹ́ ń lọ dáadáa, àwọn arúgbó tí mò ń tọ́jú sì fẹ́ràn mi.

Ẹ rántí fíìmù tí ẹ ní àwọn òyìnbó wá yà lóko yín l'Óǹdó nígbà tí ẹ wà lọ́mọge? Èmi àti Ìbídàpọ̀ àbúrò mi a máa ní irọ́ ni. Ní Sátidé tó kọjá, wọ́n gbé e jáde lórí tẹlifíṣọ̀n, nínú ètò fíìmù àtijọ́. Mo rí yín! Ẹ ń fi ẹsẹ̀ lásán tú kòkó tí wọ́n sá sórí ẹní, ilà Oǹdó hàn kedere ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín. Ẹ wojú kámẹ́rà, ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ juwọ́ sí wa.

Àwọn arúgbó tí a jọ ń wò ó bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan ní òun ò jẹ ṣokoléètì mọ́ láé, nítorí ẹsẹ̀ yẹn. Ó kọjú sí mi: "Ìlú yín kọ́ nìyẹn? Ṣé o mọ obìnrin yẹn?"

Mo ní rárá. Èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín, Màámi. Bẹ́ẹ̀, kòkó tí ẹsẹ̀ yẹn tú ló rán mi níléèwé.

Ẹ bá mi kí Ìbídàpọ̀ l'Ákùúrẹ́. Ẹ sọ fún un pé òótọ́ lẹ̀ ń sọ láti ọjọ́ yìí, pé èmi ni òpùrọ́ ilé wa.

Ọyẹ́ ti dé. Ẹ fi òrí pa ẹsẹ̀ yín dáadáa fún mi.

Ọmọ yín ni mí,
Wúràọlá