Èmi Ni Mo Pa Àwọn Ewé Náà Rẹ́

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kejì nínú oṣù kẹta ọdún tó kọjá, nígbà tí o wá kí wa tí oorun sì gbé ọ lọ lọ́sàn-án, ni mo ṣẹ̀ ọ́. Mo kí ọ o, mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú àárẹ̀ ojú. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí o fi ojú sunkún ohun tí o fi ojú ṣe. Ara ìyá rẹ le, òrùlé ilé ìdáná ṣì ń jò, ṣùgbọ́n inú ń bí mi, ara mi gan-an ni mo sì ń bínú sí, nítorí náà má retí ìròyìn púpọ̀.

Àwòrán ewé tí àwọn apoògùn ní kí o bá àwọn sọ di àmì fún ìkànnì wọn àti fún ojú kọ̀ǹpútà wọn, èmi ni mo pa á rẹ́, kì í ṣe àbúrò rẹ. O fi ẹ̀rọ sílẹ̀ ní ṣíṣí. Mo rí ewé kan náà ní ìwọ̀n méje, láti orí èyí tó tó àtẹ́lẹwọ́ dé orí èyí tí mo pè ní ìgbẹ́ eṣinṣin. Mo fi aṣọ nu gíláàsì títí, kò kúrò. Mo wá rántí ohun tí wọ́n kọ́ mi ní ẹ̀ka ìtẹ̀wé nílé-ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe, pé èyí tó tóbi jù ni kí a tọ́jú, ìgbà tí a bá fẹ́ ni a ó sọ ọ́ di kékeré, kí a da ìyókù nù kí àyè lè gbà wá. Mo ní ọmọ mi ń kó ìdọ̀tí sínú ẹ̀rọ olówó gọbọi, ni mo bá ń gbá a. Ẹ̀rọ náà bi mí bóyá ó dá mi lójú. Inú bí mi! Ẹ̀rọ tí ọmọ bíbí inú mi rà, òun ni yóò máa bi mí bóyá ó dá mi lójú? Mo tẹ bẹ́ẹ̀ ni, mo tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tí ń kanlẹ̀kùn onígbèsè.

Nígbà tí o lé àbúrò rẹ kúrò níṣẹ́ tó ń bá ọ ṣe, tí o ní ìwọ àti òun nìkan lẹ ń fọwọ́ kan ẹ̀rọ náà, mo gbọ́, mo panu mọ́. Ó padà wálé, ó ń po sìmẹ́ǹtì fún birikilà. Ẹnu rẹ̀ ni mo ti gbọ́ pé ewé méjèèje ni yóò wọ inú fáìlì kan ṣoṣo. Níbi tí àyè bá há, bí igun kékeré tó wà lókè ìkànnì, èyí tó kéré jù ni yóò yọjú, níbi tó bá fẹ̀, èyí tó tóbi. Ó ní bí a bá kàn fún ewé ńlá pọ̀, iṣan rẹ̀ á dìpọ̀, á dà bí ẹrẹ̀, ìdí nìyẹn tí o fi fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tún ọ̀kọ̀ọ̀kan yà díẹ̀díẹ̀. Ó ń ṣàlàyé fún mi láìbínú, ìyẹn gan-an ló ń jó mi lára. Àwọn lébìrà ń pè é ní Ọ̀gbẹ́ni Parẹ́. Bí ṣọ́bìrì bá sọnù, wọn a ní òun ló pa á rẹ́.

Mo bínú sí ìwọ náà o. Irin lásán bi mí léèrè. Ìwọ tí mo bí, odindi ọdún kan, o kò bi mí!

Owó tí mo máa ń tọrọ nínú lẹ́tà, mi ò tọrọ rẹ̀ lóṣù yìí. Iṣẹ́ àbúrò rẹ ni mo ń tọrọ. Ẹ ó jọ jẹun nínú àwo kan, ẹ kò ní kẹ̀yìn síra yín.

Láago mẹ́jọ òwúrọ̀ yìí, mo lọ síbi tí wọ́n ti ń kọ́lé. Mo gun orí àpò sìmẹ́ǹtì, mo wí fún birikilà àti gbogbo lébìrà pé èmi tí mo bí i ni mo pa àwọn ewé náà rẹ́, èmi náà ni mo sì fi í sílẹ̀ nínú ẹ̀gàn. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Àbúrò rẹ ní kí n sọ̀ kalẹ̀, pé mo ń fọ́ àpò. Mo ní mi ò sọ̀, àfi bí birikilà bá pè é ní orúkọ tí mo sọ ọ́.

Birikilà pè é. Mo sọ̀ kalẹ̀.