Erùpẹ̀ Tí Ń Jó Bí Igi

Okitipupa,
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹta, 1969.

Morádéyọ̀, ọmọ ọmọ mi,

Rose, ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ, ti bí ọmọkùnrin. Aníwúrà, àbúrò rẹ, ti lọ sílé ọkọ ní Ìrẹ̀lẹ̀. Gbogbo wa kí ọ, a kí àwọn tí ẹ jọ ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ojú tí ń dùn mí ti sàn.

Èmi fúnra mi ni mo ka lẹ́tà rẹ ní kíláàsì àwa àgbà. Nígbà tí mo débi pé àwọn ará oko Jámánì ń gbẹ́ ilẹ̀ dúdú inú àbàtà, tí wọ́n ń sá a, tí wọ́n sì ń fi í dáná, àwọn tá a jọ wà ní kíláàsì fi mí rẹ́rìn-ín. Ni mo bá bu ẹrẹ̀ àbàtà Igbodigo, mo sá a fún ọ̀sẹ̀ kan, mo kó o sí ààrò. Èéfín nìkan ló yọ. Ìyá rẹ figbe ta: "Ìyá, ṣé ẹja lẹ fẹ́ yan ni, àbí àwa?"

Báwo ni tiwọn ṣe ń jó? Ẹja wo ló wà nínú omi àbàtà wọn?

Ṣùgbọ́n o ní ìwọ nìkan lo lọ wo àbàtà náà, ẹsẹ̀ rẹ sì rì dé orúnkún. Ìyẹn kò pa mí lẹ́rìn-ín. Níbí, a kì í wọ àbàtà láìmú ọ̀pá gígùn dání, tí a ó gbé dábùú, tí a ó sì dì mú, bí ẹsẹ̀ bá rì. Àlejò lójú, kò fi ríran. Jọ̀wọ́, má dá lọ mọ́. Wá ọmọ ìlú tí yóò ṣáájú rẹ. Olúwa yóò ṣọ́ ìrìn rẹ. Benedict, ọmọ olùkọ́ wa, ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín. Mo fi owó ẹni tí yóò mú ọ lọ rán an: pọ́ọ̀nù mẹ́ta.