Owó Bàbà Abẹ́ Tábìlì

                                        Yàrá Ẹ̀yìn, Ilé Onígéètì Búlúù,
                                        Lẹ́yìn Ilé-Ẹ̀kọ́ Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.
                                        Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù kẹta.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n, Alága Ìjókòó Ẹ̀yìn,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ìyàwó ńkọ́? Ọmọ tuntun ńkọ́, ṣé ó ti ń jẹ́ kí ẹ sùn? Ẹ̀yìn tó máa ń ro ọ́ nígbà tí a wà ní Pólì ńkọ́, àbí ìgbà tí ìdánwò bá kù sí dẹ̀dẹ̀ nìkan ló máa ń ro ọ́? Gbogbo wa níbí wà láàyè, a sì dúpẹ́.

Wá ibi kan jókòó kí o tó ka ìyókù. Pẹ̀lú ìbànújẹ́ ọkàn ni mo fi ń tó ọ létí pé tábìlì ìjẹun wa ti bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Àìsàn náà kò ṣe é lọ́jọ́ kan rí. Ọbẹ̀ ló kọ́kọ́ fara gbọgbẹ́.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ ni pé bàbá mi fẹ́ kun ògiri pálọ̀, a bá gbé tábìlì kúrò. Lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kan la ti rí ohun pẹlẹbẹ kan tó dúdú bí ìdí ìkòkò. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Awọnlẹ̀ nítorí iṣẹ́ wíwọn ilẹ̀ ni wọ́n ṣe kí wọ́n tó fẹ̀yìntì, gbé e sún mọ́ ojú, wọ́n ní, "Owó bàbà nìyí! Owó ayé àtijọ́!" Bí ilé wa ṣe pín sí méjì nìyẹn.

Awọnlẹ̀ ní àwọn ni àkọ́bí, ohun tó bá ti jáde nínú ilé ìyá àwọn, àwọn ló kàn. Bàbá mi, tí o mọ̀ pé bíríkìlà ni wọ́n, ní ọwọ́ àwọn làwọn fi tẹ́ ilẹ̀ pálọ̀ náà, iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí àwọn dá ṣe lẹ́yìn tí àwọn kọ́ṣẹ́ tán, ẹni tó bá sì ni ilẹ̀ ló ni ohun orí rẹ̀. Ìyá àgbà, tó bí àwọn méjèèjì, kàn ní kí wọ́n dá ohun tí wọ́n yọ padà síbi tí wọ́n ti yọ ọ́. Ta ló gbọ́? Láti ọjọ́ náà, ẹ̀gbọ́n ń jẹun ní yàrá, àbúrò ń jẹun lórí àtẹ̀gùn ẹ̀yìnkùlé, Ìyá àgbà nìkan ló sì ń bá tábìlì jà. Wọ́n ń jẹun díẹ̀, wọ́n ń wo àga méjì tó ṣófo, wọ́n á sì dìde láìjẹ ẹ́ tán.

Nígbẹ̀yìn, a gbé owó náà lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń ra owó àtijọ́, tí wọ́n ń pè ní Dókítà Owó. Èmi ni wọ́n ní kí n mú un dání, nítorí èmi nìkan ni ẹni tí àwọn méjèèjì kò fọkàn tán bákan náà. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò fẹ̀ ju kọ́bọ́ọ̀dù lọ. Ìka méjì ló fi di owó náà mú létí, bí ẹni gbé ẹyin. Bàbá mi fa áńkáṣíìfù yọ láti bá a nù ún.

"Bàbá, ẹ dákun, ẹ má nù ún!" ni Dókítà Owó pariwo. "Ẹni tó bá fọ owó àtijọ́, iye orí rẹ̀ ló fọ̀ dànù."

Ó gbé awò tó ń sọ nǹkan di ńlá lé ojú òkè owó náà, èyí tó kọjú sí ẹsẹ̀ tábìlì. Ẹyẹ kan wà níbẹ̀, ìyẹ́ rẹ̀ hàn ketekete. Ó mí kanlẹ̀. "Bí ojú kejì bá rí báyìí, mọ́tò lẹ máa fi lọ sílé." Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò wo ara wọn bí ẹni tó ń wo olè.

Ó yí i padà. Ojú tó ti ń sùn lórí sìmẹ́ǹtì ti jẹ bí àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà. Ọdún tí wọ́n ṣe é, tí í ṣe ohun tí àwọn tó ń ra owó àtijọ́ ń wá gan-an, ti parẹ́. "Ojú tó burú la fi ń mọ ìpele rẹ̀," ló wí. "Ìpele ìsàlẹ̀ ni. Yóò ra tábìlì ìjẹun tuntun kan. Kò kan àga o."

A ò tíì dé orígun títì tí Awọnlẹ̀ fi ní, "Àbúrò mi, máa mú un." Bàbá mi ní, "Ẹ̀gbọ́n, kí n wá gba ohun tó tọ́ sí àkọ́bí? Èèwọ̀!" Bí iye owó ṣe ń já wálẹ̀ ni ìfẹ́ ọmọ ìyá ń gòkè.

Wọ́n pinnu láti tà á, kí wọ́n fi ra tábìlì tuntun. Ìyá àgbà gbọ́, wọ́n ní, "Ẹ rà á. Tuntun náà á mì. Ṣé ẹ̀yin ò mọ̀ pé ilẹ̀ ni kò dọ́gba ni?" Wọ́n yíjú sí bàbá mi. "Ìwọ tí o ní o ni ilẹ̀, kòtò inú rẹ̀ ńkọ́?"

Ibẹ̀ la ti gbọ́ ọ. Ọjọ́ tí bàbá mi parí ilẹ̀ náà, wọ́n ń rìn lórí rẹ̀ bí ọkọ ìyàwó. Ìyá àgbà gbé tábìlì kalẹ̀, ó mì. Ìyá àgbà mọ̀ pé bí ẹ̀gbọ́n tó ń fi wíwọn ilẹ̀ jẹun bá rí i, yóò sọ ọ́ dorin. Wọ́n bá fa owó kan yọ nínú àpótí, wọ́n tì í bọ abẹ́ rẹ̀ kí àwọn ọmọ tó dé ìdí oúnjẹ.

Bàbá mi tẹjú mọ́lẹ̀.

Awọnlẹ̀ dìde. Mo ní lọ́kàn mi pé ẹ̀rín tí wọ́n ti ń tọ́jú láti kékeré ló dé yìí. Wọ́n wọ yàrá, wọ́n gbé irinṣẹ́ gbọọrọ olómi tí wọ́n fi ń mọ ilẹ̀ tó tẹ́jú jáde, wọ́n fi í lélẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n wò ó pẹ́. Èmi náà yọjú. Afẹ́fẹ́ inú omi náà, tó yẹ kó dúró sí àárín bí ilẹ̀ bá tẹ́jú, ti sá lọ sí igun pátápátá.

"Ilẹ̀ yìí tẹ́jú," ni Awọnlẹ̀ wí. "Tábìlì yẹn ni ò dáa."

Wọ́n ní kí n gbé ẹsẹ̀ tábìlì sókè, wọ́n sì ti owó náà bọ abẹ́ rẹ̀. Ojú ẹyẹ ni wọ́n dà délẹ̀, wọ́n ní kí ìyà ojú méjèèjì lè dọ́gba. Àwọn mẹ́ta ló jọ jẹun nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Bàbá mi ló bu ẹran fún ẹ̀gbọ́n wọn.

Bá mi kí ìyàwó dáadáa, kí o sì bá mi kí gbogbo ọmọ ìjókòó ẹ̀yìn tí ẹ jọ wà níbẹ̀.

Èmi náà ni, tìrẹ tí kì í mì,
Akọ̀wé Ẹbí (tí ẹnikẹ́ni kò yàn).

ÌKÉDE: A fi àsìkò yìí sọ fún gbogbo ènìyàn pé tábìlì kò mì mọ́. Àga bàbá mi ló ń mì báyìí. Kí ẹnikẹ́ni tó bá ní owó bàbà àtijọ́ lọ́wọ́ fi ṣọwọ́ sí àdírẹ́sì òkè yìí. A kì í wo ìpele. Bó ṣe nípọn tó nìkan là ń wò.