Katakata Kì í Gun Òkè Bí Ẹni Tó Ru Igi

Nàfísátù ọmọ mi,

Àsàláámù àlékùmù. Ṣé àlàáfíà lo wà ní Àkírà? Ọkọ rẹ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́, ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀ tó ò ń tà ní Abọ́séè Òkáì ńkọ́? Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí oníbàárà rẹ yà sí ìsọ̀ ẹlòmíràn. Ìyá rẹ kí ọ, orúnkún rẹ̀ ti fúyẹ́ díẹ̀. Òjò ti bẹ̀rẹ̀ lórí òkè wa níbí, ó tutù débi pé ṣúwẹ́tà tó o rà fún mi ni mo fi ń sùn.

Katakata tó o bá wa rà dé láyọ̀. Gbogbo abúlé jáde wá wò ó, wọ́n ní àwa Yorùbá tí wọ́n ń pè ní Aláta ti di ọlọ́kọ̀. Mùnírù àbúrò rẹ ló ń wà á, ẹ̀rín kò sì kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ wà nílẹ̀ nípa ọkùnrin inú fóònù tó o fi ránṣẹ́, èyí tó ń kọ́ni bí a ṣe ń wa katakata lórí òkè. Mo kí i káàárọ̀, kò dáhùn. Mo fi èdè Tuí kí i, ó kàn ń sọ̀rọ̀ tirẹ̀ lọ. Ìyá rẹ ní bóyá etí rẹ̀ di. Mo ní ìgbéraga ni, ẹni tí kò mọ bí a ti ń dá àgbà lóhùn, kí ló fẹ́ fi kọ́ mi? Mo ní kí Mùnírù pa á lẹ́nu mọ́.

Ohun tó ń wí ni pé kí a máa gun òkè ní tààrà, kí a sọ̀ kalẹ̀ ní tààrà, kí a má gba ìbú òkè kọjá. Àbí o ò rí nǹkan! Láti kékeré ni mo ti ń gun òkè yìí, ẹni tó ru igi kì í gùn ún ní tààrà, ńṣe là ń yí i, kí èémí má baà tán. Ó tún ní kí awakọ̀ de ara rẹ̀ mọ́ ìjókòó, kí a má sì yọ irin gàgàrà tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Mo ní ewúrẹ́ là ń so mọ́lẹ̀. Mùnírù kò bá mi jiyàn, ó kàn so bẹ́líìtì rẹ̀, ó sì gba ìbú òkè bí mo ti wí.

Ní Ọjọ́bọ̀, táyà apá òkè gun kùkùté, katakata fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ gbì. Mo sáré, mo ń pe Mùnírù. Ó ní, “Bàbá, mo wà láàyè. Ẹ má sunkún.” Irin yẹn ni kò jẹ́ kí katakata tẹ̀ ẹ́, bẹ́líìtì ló sì dì í mú tí kò fi bọ́ sábẹ́ rẹ̀. Ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ nìkan ló bó. Kò sẹ́ni tó mọ ibi tí wọ́n ti ń tú bẹ́líìtì náà, àdá la fi gé e.

Mo padà sídìí fóònù, mo bẹ ọkùnrin náà. Kò dáhùn síbẹ̀, ṣùgbọ́n mo ti fà á lé Ọlọ́run lọ́wọ́, bóyá bí àwọn òbí rẹ̀ ṣe tọ́ ọ nìyẹn. A gbọ́ tirẹ̀ dópin. Èmi fúnra mi yóò kọ́kọ́ rin ilẹ̀ náà, n ó hú kùkùté kúrò. Jíà kékeré ni Mùnírù yóò máa fi sọ̀ kalẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì ní rọ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn. Ibi tó dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ jù, ọkọ́ la ó fi ro ó, a ó gbin igi píà síbẹ̀. Mùnírù ní òun ṣì fẹ́ wà á, àgbàdo ọdún yìí á sì dára, bí Ọlọ́run bá fẹ́.

Ṣùgbọ́n katakata kò ní gbéra láìsí bẹ́líìtì tuntun. Jọ̀wọ́ wá ọ̀kan fún wa, má fún mi ní àlòkù. Fi owó díẹ̀ kún un fún fítà tí yóò yẹ ọkọ̀ náà wò. Kí o sì bá àwọn Mómò tó ń fi fóònù fowó ránṣẹ́ sọ̀rọ̀, nítorí owó tó o fi ránṣẹ́ lọ́jọ́sí, èyí tí ọmọbìnrin wọn kà fún mi ti gbó, mo sì mọ̀ pé ìwọ kì í náwó tó gbó. Kí wọ́n yé pààrọ̀ rẹ̀ lọ́nà.

Ọlọ́run á bù sí i fún ọ, o ò ní rí ìbànújẹ́. Nàfísátù, ohun kan ṣoṣo ni mo ń tọrọ, kí ìwọ àti Mùnírù sin mí. Láti ibi tí mo dúró sí lọ́jọ́ náà dé ibi tí katakata ṣubú sí, mo ti rí bí yóò ti rí fún èmi láti sin ọ̀kan nínú yín. Ọ̀nà yẹn kò jìn rárá, n kò sì fẹ́ rìn ín mọ́ láé.

Èmi ni bàbá rẹ,
Ṣàkírù